Ojú Danylo Kan Ṣoṣo Tó Kù

Wọn ò ya fọ́tò Danylo rí nígbà tó wà láàyè. Àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ukraine dé Manitoba ní Kánádà ni, igbó ni wọ́n ń ṣán kí wọ́n lè gbin àlìkámà. Ta ló ráyè ya ọmọ tó ń ṣeré? Àfìgbà tí àrùn ọ̀fun pa á lọ́mọ ọdún méje ni wọ́n tó pe ayafọ́tò láti ìlú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ṣí pósí sílẹ̀, ẹbí á dúró yí i ká, wọ́n á sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé, kí ìyá àgbà lè rí ọmọ-ọmọ tí kò ní fojú kàn láé. Ìgbà a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ẹ̀dà méjì ni wọ́n tẹ̀; èyí tó lọ sí Ukraine bógun lọ. Ìkejì wà lọ́wọ́ Tekla, àbúrò Danylo. Ó fún wàrà màlúù títí ọwọ́ rẹ̀ fi wọ́, ó tọ́ Orest ọmọ rẹ̀, ó sin ọkọ. Lọ́jọ́ tí ilé wọn jóná, fọ́tò yẹn ló kọ́kọ́ gbé jáde, kó tó rántí bàtà ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń sọ ọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò àti ìwé ìrìnnà àwọn tó kọ́kọ́ dé wá, kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn. Tekla fún Darlene, ìyàwó Orest, ní fọ́tò náà. "Bá mi fi sí férémù tó dáa." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àsọ̀rọ̀-àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Hafia ọ̀rẹ́ Tekla ló kọ́kọ́ dé ìdí ògiri. Ẹ̀rín pa á.

"Tekla! Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín tí gbogbo yín fi dorí kodò báyìí? Ṣé owó ni?"

Tekla súnmọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ń wolẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wolẹ̀, òun náà ń wolẹ̀. Férémù ti parí níbi tó yẹ kí pósí ti bẹ̀rẹ̀.

"Darlene, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Mo gé e kúrò ni, Màmá. Mo ní kí ẹ̀rù má ba àwọn ọmọdé. Ṣé kò dáa?"

"Níbo lo fi í sí?"

"Mo ti sun ún mọ́ pàǹtí."

Ó wù ú kó bú u, àmọ́ ojú Darlene ń retí ìyìn. Tekla di ojú, ó ń wá Danylo lọ́kàn. Ó rántí bàtà tó há a lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, ó rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ojú ọmọ náà kò wá. Ìgbà yẹn ló yé e pé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, fọ́tò lòun ń rántí, kì í ṣe Danylo.

"Màmá, ẹ wá jẹun, oúnjẹ ti ń tutù."

"Mò ń bọ̀," ni Tekla wí, kò sì kúrò níbẹ̀.