Ẹdùn Àrá Inú Ọ̀gbẹlẹ̀

Mo rántí ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀ kan ní Olódi-Àpápá, tí oòrùn ń mú ganrínganrín, tí ìkùukùu kankan ò sí lójú ọ̀run, tí ohun kan ṣàdédé dún gbàùù lókè orí wa. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé kọntéínà ló já ní èbúté Kírikírì, torí ládùúgbò wa, ohunkóhun tó bá ti dún, kọntéínà la máa ń kà á sí. Àfi bí páànù orí ilé ṣe lu, tí òkúta dúdú kan já wọ yàrá Ìyá Aránṣọ, tó kọlu etí máṣíìnì wọn, tó sì fọ́ wẹ́wẹ́ káàkiri ilẹ̀. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bu omi mu ni. Ká ní wọ́n jókòó sídìí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá di ti òkú.

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ rò pé àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ sọ? Ṣé “ẹ kú ewu” ni? Ó tì o. Ìyá elépo tó wà ní yàrá kejì yọjú wo ilẹ̀, ó fọwọ́ lérí, ó lọgun: “Ẹdùn àrá nìyí!” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni ò mọ̀ pé àrá kì í ṣèèṣì? Olè ló ń wá kiri. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe nínú ilé wa ò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, òun náà di ẹlẹ́rìí: “Na thief thunder dey find o!” Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn onímọ́sáláṣí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Ṣàngó sétí, gbogbo wọn pátá di ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Mo ní òjò ò rọ̀, àrá wo? Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló fi burú, pé ẹ̀ṣẹ̀ tí àrá ò lè dúró de òjò kó tó jà lé lórí, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ n purọ́, èmi akọ̀wé èbúté, èmi onígẹ̀ẹ́sì, odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń de garawa mọ́rí kí n tó lọ sí balùwẹ̀.

Bàbá onílé ló wá yọ sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dákun, mi ò ní fi “wọ́n” pọ́n ọn lé, ọlá kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: yàrá Ìyá Aránṣọ ló kọjú sí títì, ó sì ti pẹ́ tí ọmọ bàbá náà ti ń wá ibi tó máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Bàbá onílé dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fìlà gẹ̀gẹ̀, ó ní, “Ẹni tí àrá bá wọ yàrá ẹ̀, olè ni. Mi ò lè fi olè sílé. Kó kẹ́rù ẹ̀ kóṣù tó parí.” Opó ni ìyá yìí o. Yàrá yẹn ni ilé wọn, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń jẹun, torí ta ló máa gbé aṣọ ìyàwó fún olè rán? Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó aṣọ tí wọn ò tíì gé. Ìyá elépo rántí ìkòkò tó ti sọnù látọdúnmọdún, ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pòwe: “Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.” Inú bí mi débi pé mi ò ra epo lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ìyá Aránṣọ ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń dì í ni àwọn olùkọ́ yunifásítì kan bá wọn. Àwọn èèyàn ti rí iná tó sáré kọjá lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, àwọn olùkọ́ yìí ló wá ń tọ ipa ẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àrá rárá, pé òkúta tó ti òde ayé wá ni, pé ẹ̀rún ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bíi wúrà, kí ẹni tí ẹ̀rún ẹ̀ bá já sí yàrá ẹ̀ jọ̀wọ́ mú un wá.

Háà! Ẹ wá wo eré. Ìyá elépo gbé èédú wá, ó ń fi Ọlọ́run búra pé ìdí bẹ́ẹ̀dì òun ló já sí. Oní-fíríìjì gbé irin dídà tí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò Boundary ti sọ nù, ó ní, “E fall for my own room too!” Ẹni tó gbé bíríkì wá wà níbẹ̀, ó ti fi dúdú ìdí ìkòkò pa á lára. Bàbá onílé ló kẹ́yìn. Ó fi áńkáṣíìfù funfun wé òkúta àdògán kan, ó ń ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ẹ yà fún mi! Yàrá tèmi gan-an ló kọ́kọ́ wọ̀!”

Ìyá Aránṣọ dìde nídìí ẹrù wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú bàbá onílé, bí ó ti yẹ kí obìnrin kí àgbà. Wọ́n ní, “Ẹ kú ewu, Bàbá. Kí lẹ jí?”

Ìyá Aránṣọ yíjú sí àwọn yòókù lórí ìkúnlẹ̀ náà. “Ẹ̀yin náà, ẹ kú ewu o. Kí lẹ jí?” Bí èédú ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ni bíríkì ń bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àwọn olùkọ́ ò tilẹ̀ wo ẹrù ẹ̀sín wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ yàrá ìyá náà ni wọ́n fi òòfà gbá, tó ń fa ẹ̀rún òkúta àti abẹ́rẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì ń ṣa abẹ́rẹ́ náà padà fún ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá onílé ò dárúkọ yàrá yẹn mọ́.

Mo ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń yà kí Ìyá Aránṣọ. Wọ́n ṣì ń ránṣọ nínú yàrá náà, àwọn oníbàárà sì ti padà. Lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ lọ, gbogbo ará ilé ló tò wá síwájú ìyá náà, tí wọ́n ń kí wọn ní “ẹ kú oríire” bí ẹni kí ìyá ìkókó. Ó ń ṣe mí ní kàyéfì títí dòní pé bí ìkíni ṣe pọ̀ tó lédè Yorùbá, èyí tó tọ́ gan-an ni kò sẹ́ni tó rántí. Níjọ́sí, mo bi ìyá náà bóyá ẹnikẹ́ni ti wá sọ pé kí wọ́n má bínú.

Wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

“Ọmọ mi, wọ́n ṣì ń bọ̀.”