Orí Omi Kì í Ṣe Ibi Ìkúnlẹ̀

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ara mi máa ń rùn bí ẹja, tí inú mi sì ń dùn sí i. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Kinkinau là ń gbé, Kàdúná ò tíì fẹ̀ tó báyìí. Bàbá mi àgbà ti ń tukọ̀ lórí Odò Ọya láti kékeré kó tó wá bá bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè, gbé. Ẹni tó bá omi dàgbà, ilé oníṣìmẹ́ńtì ò lè dá a dúró. Kò pẹ́ tó fi bá àwọn apẹja Nupé etí Odò Kàdúná dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì yá a ní ọkọ̀ igi kan. Ó ń wá ẹni tí yóò kọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ gbá. Èmi ni mo tẹ̀lé e.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ ojú omi: ibi tó bá ń dán bíi dígí, ó jìn, ibi tó bá ń hó, òkúta ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, kí n gún ìsàlẹ̀ ibi tí mo ti rí i, torí omi máa ń purọ́ fún ojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó le jù ni èyí tó ta ko ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé. Lọ́jọ́ kan, apẹja arúgbó kan wa ọkọ̀ tirẹ̀ kọjá, ó kí mi lédè Hausa pé, "Sannu, yarinya," ọmọbìnrin, ẹ kú o. Èmi ọmọ tó gbẹ̀kọ́, mo gbé àjẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ gbì. Ọkọ̀ dojú dé, èmi àti bàbá àgbà di ẹja. Nígbà tí a wọ́ dé èbúté, ẹ̀rín ni bàbá àgbà ń rín, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní lórí omi, àjẹ̀ ni àgbà. Ẹni tó ń tukọ̀ kì í kúnlẹ̀ fún ọba pàápàá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí omi ń fà, àwọn apẹja fẹ́ lọ pàgọ́ sórí iyanrìn nísàlẹ̀ odò. Bàbá àgbà fẹ́ mú mi lọ ní họlidé. Ara mi ò balẹ̀ mọ́, oorun ò kùn mí. Bàbá mi ní ọmọbìnrin òun ò ní lọ sùn lórí iyanrìn, àfi tí òun bá fojú ara òun rí i pé mo lè tukọ̀ gba àárín òkúta kọjá. Màmá mi ní àdúrà lòun máa gbà, kò sọ èyí tó fẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́.

Ní Sátidé, bàbá àgbà jókòó síwájú ọkọ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àyà mi ń lù kì kì kì, ayọ̀ ló ń lù ú. Ibi tí omi ti ń hó gan-an la wà nígbà tí bàbá mi yọ létí odò pẹ̀lú bàtà dídán. Ó ké kí bàbá rẹ̀, ó wá pe èmi, ó ń retí kí n kí òun. Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo nà án. Mi ò dáhùn, mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ kọjá, èkejì ha ìdí ọkọ̀ kẹrẹrẹ, a bọ́ sójú omi tó dákẹ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ojú bàbá mi ti le. "Ṣé omi ló kọ́ ọ pé kí o má kí bàbá rẹ mọ́?"

Mo ti fò sínú ẹrẹ̀, mo ti kúnlẹ̀. Bàbá àgbà ló dá a lóhùn: "Ká ní ó kí ọ ni, òkú èmi bàbá rẹ lò bá máa wá kiri báyìí. Gbígbé tó gbé mi gúnlẹ̀, ìkíni nìyẹn."

Bàbá mi bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó ní kí n gbé òun náà kọjá. Akọ̀wé gbá etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́." Ó sì jókòó. Mi ò pàṣẹ fún àgbà rí! Mo lọ sí àgọ́, mo jẹ ẹja yíyan títí ó fi sú mi.

Ó ti pẹ́ tí bàbá àgbà ti sun oorun ikú. Sẹ́kọ́ńdírì kọ́ mi ní ohun púpọ̀ tí mo ti gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń wẹ ọmọ mi tuntun, ọṣẹ bò ó, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀, ni ìyá ọkọ mi wọlé láti Kàbà. Ó dúró, ó ń retí. Orúnkún mi tún fẹ́ tẹ̀.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Orí omi ni mo wà."

Ó wo ọwọ́ mi lábẹ́ orí ọmọ, ó fa àpótí, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi gúnlẹ̀.