Ọ̀nà tí Bàbá Mi Tún Ṣe ní Ìgàndò

Láàárọ̀ àná, mo ṣì wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ṣọ́bìrì ha òkúta wẹ́wẹ́ lójú títì. Àwọn tó ń tún gọ́tà ṣe ni. Mi ò mọ̀gbà tómi bọ́ lójú mi, torí bàbá mi ni mo rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá Ìgàndò bó ṣe wà yìí kò lè mọ bó ṣe rí nígbà tí bàbá mi kó wa débẹ̀. Igbó ni. Ilé wa dá dúró láàárín pápá, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ń bá wa gbé bí ayálégbé. Ṣọ́jà ni bàbá mi. Ó ja ogun abẹ́lé, ìbọn bà á nítan níbẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń tiro. Kì í sọ̀rọ̀ ogun. Tí a bá bi í, á ní, "Mo lọ, mo bọ̀. Ẹ lọ jẹun."

Ilé rẹ̀ ló gbájú mọ́. Kí a tó lọ sílé ìwé, a ó tò sẹ́yìnkùlé, á máa yẹ èékánná wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ á le koko, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ní gbogbo Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ sùtánà tí a ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Á lọ̀ ọ́ débi pé ẹ̀rù á máa bà wá láti jókòó. Màmá mi á ní, "Ṣọ́jà mi, ṣé parédì lẹ ń kó àwọn ọmọ yìí lọ ni?"

Káyọ̀dé ni àbíkẹ́yìn wa, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bí bàbá mi bá ti ń tiro lọ, òun náà á máa tiro tẹ̀lé e. Ó rò pé bí ọkùnrin ṣe ń rìn nìyẹn.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ibà kọ lu Káyọ̀dé. Màmá mi fi aṣọ tútù nù ún lára títí, ara ò rọ̀. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè wọlé. Bàbá mi pọ̀n ọ́n, ó fi ìró màmá mi gbà á mọ́ ẹ̀yìn. "Dì mí mú, ọmọ mi. À ń lọ sí Ìkọ̀tún."

Èmi àti màmá mi tẹ̀ lé wọn nínú omi. Bàbá mi ń yọ̀, ó ń dìde, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáá: "A ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀. Búrẹ́dì wo ni kí n rà fún ẹ?"

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tú ìró náà, ó fọwọ́ kan ọrùn Káyọ̀dé, ó sì wo màmá mi lójú. Igbe màmá mi ló sọ fún mi pé àbúrò mi ti kú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gbé ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí kòtò ọ̀nà náà. Ará àdúgbò kan bi í pé, "Bàbá Ṣọ́jà, ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyí?"

Bàbá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìjọba kọ́ ló bí Káyọ̀dé."

Ọdún ń gorí ọdún, ó ń dí i. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá nínú òjò, obìnrin tó ń rọbí ló gbé. Bàbá mi wò ó títí tí kò fi rí i mọ́, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún. Ẹkún rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Wọ́n ti da ọ̀dà síbẹ̀ báyìí. Kẹ̀kẹ́ ń sáré lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá mi.

Màmá mi ló ṣáájú rẹ̀ kú. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú títí tó fi lọ ni pé, "Ó ṣáà gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn." Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, bàbá mi pè mí jókòó.

"Mo mọ ibi tí Káyọ̀dé ti dákẹ́. A ò tíì rìn jìnnà. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn mi."

"Ẹ ṣì ń bá a sọ̀rọ̀, bàbá."

"Ìyá yín ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ nínú ẹrẹ̀."

Ayé ti yí padà ní Ìgàndò, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ọmọ òde òní bá bi mí pé kí ni ìfẹ́, ọkùnrin kan tó ń tiro nínú òjò ni mo máa ń rí, tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ pọ̀n, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣèlérí búrẹ́dì, kí ìyàwó rẹ̀ lè rin ìyókù ọ̀nà náà.