Wọ́n Ní Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Rí Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tún ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, kì í sì í kánjú tú ẹ̀rọ. Á ní kí oníbàárà jókòó kó máa tẹ̀ ẹ́, òun á dijú, á tẹ́tí, á sì sọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ náà. Kì í sábà ṣì í.

Lọ́sàn-án Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ yàrá ẹ̀yìn, á gbé hẹ́dífóònù sétí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn nínú géèmù pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó. Bí ọ̀tá bá yọ, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń rí i gbẹ̀yìn, torí ńṣe ni àwòrán ń wọ́ tuuru. Mo ti ní kó ra tuntun títí ẹnu mi fi bó. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ni èsì rẹ̀. Olóríkunkun paraku ni.

Àṣé etí ló fi ń ríran. Á gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá lẹ́yìn ògiri, á sì ti na ìbọn síbẹ̀ kí tọ̀hún tó yọjú. Ohun tó kó bá a nìyẹn. Ẹnìkan ká fídíò rẹ̀, ó pín in fún gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ wò ó, ògiri ló kọjú ìbọn sí! Ojóró ni, ó ti fi nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi ń rí ẹ̀yìn ògiri." Inú bí mi gan-an.

Tíṣà kan ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù níṣojú mi.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ kúkú ra kọ̀ǹpútà tuntun, kí ẹ fi orúkọ mìíràn wọlé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa yọ yín ni."

Mo rò pé ire dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rà á o."

Ó kọjú sí mi. "Lónìí? Kí wọ́n lè ní mo kó ẹ̀rí pamọ́? Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan, mi ò sì pa orúkọ dà!" Ó sọ fún Tíṣà pé, "Ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé. Kọ̀ǹpútà tiyín ni kí ẹ gbé wá."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní irú sùúrù yẹn.

Nígbà tí Tíṣà dé, ẹ̀gbọ́n mi ní kó fi kọ̀ǹpútà tó gbé wá ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀. Òun gbé hẹ́dífóònù sétí, ó kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó dijú.

"Ọ̀tún yín, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó ti dúró. Ẹ yìn ín!" Tíṣà yìnbọn, ọ̀tá ṣubú. "Òmíràn ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn yín." Ìyẹn náà ṣubú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, òógùn ti bo Tíṣà.

"Mà, ẹ foríjì wá. Màá sọ fún ẹni tó ká fídíò yẹn."

"Rárá o. Ojú gbogbo yín lẹ ti pè mí ní oníjìbìtì. Ojú gbogbo yín náà lẹ ti máa kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Tíṣà sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe ojóró, èmi náà sì gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn mi.

"Wọ bàtà, jẹ́ ká lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Etí nìkan ni mo fi ń nà wọ́n tẹ́lẹ̀. Ó kù kí n fi ojú kún un."