Bàbá Mi Àjàní, Tó Ya Onọ́rébù Tí Kò Ya Ojú Rẹ̀

Ó dìgbà o, Bàbá mi. Ó dìgbà, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Àjàní ọmọ Ìkirè, Bàbá Oníbúrọ́ọ̀ṣì gbogbo Ṣógúnlé, ẹ ti lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, ẹ sì mọ̀ pé Mojísọ́lá tí ẹ bí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

Àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi nínú ìwé ìsìnkú yìí ti sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni yín, pé ẹ fẹ́ràn ọmọ, pé ẹ kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ ìdí tí a fi ń sin yín. Èmi ò lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tutọ́ funfun síta nítorí pé òkú wà nílẹ̀. Inú ń bí mi. Ó bí mi lọ́jọ́ tí ẹ kú, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹni tó bá sì fẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kó padà sí ojú ewé tó ti kà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ pátákó ilé ẹ̀kọ́, ti ilé ìgbẹ̀bí àti ti àwọn aránṣọ láti Ṣógúnlé títí dé Apakun. Nígbà tí fulẹ́ẹ̀sì dé, aṣọ oníke tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kó búrọ́ọ̀ṣì wọn dànù. Ẹ̀yin ò kó tiyín dànù. Òfin kan ni ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, ẹ sì fi lé èmi náà lọ́wọ́ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín: ojú, ìyẹn ẹyinjú, ni à ń yà kẹ́yìn, ẹni tí a ń yà sì gbọ́dọ̀ wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níwájú ògiri kí a tó yà á. Èèyàn lè wo fọ́tò ya imú, ó lè wo fọ́tò ya fìlà, ṣùgbọ́n ẹ máa ń sọ pé fọ́tò kì í wo èèyàn padà. Bí ọlọ́jà bá ní òun ò ráyè wá dúró, pátákó rẹ̀ á wà nílẹ̀ títí tó fi máa ráyè.

Ìgbà ìbò ló gbé Onọ́rébù dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò ní bá tiyín wọ inú ìwé kan náà. Nígbà náà kò tíì di Onọ́rébù, sálúbàtà ló wọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó bá wa jẹ àgbàdo sísè, ó ń pe Màámi ní Ìyá mi. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ń fa fulẹ́ẹ̀sì òun ya, pé ògiri ṣọ́ọ̀bù yín ló wu òun. Ẹ ò sọ̀rọ̀ owó. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ fi gọ́tà àdúgbò wa hàn án, bó ṣe dí, bí òjò bá ti rọ̀ tí omi ń wọ yàrá onílé àti ayálégbé. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká yín, ó ní, "Bàbá, tí mo bá wọlé, gọ́tà yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí màá ṣe."

Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ yà á tòun ti fìlà, ti agbádá, ti ẹ̀rín. Nígbà tó ku ojú, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú omi. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí o bá padà wá wo gọ́tà wa, wàá dúró síbí, màá sì ya ojú ẹ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Bàbá mi, ẹ ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin yẹn. Ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó háyà yàrá kiri àdúgbò, àwọn tó ń sọ pé ìbò Èkó ò kan àwọn. Ẹ ní ibi tí omi bá ti ń wọlé tọ èèyàn ló ti yẹ kó dìbò. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ìrẹsì wá, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà. Lọ́jọ́ ìbò, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ wọ̀, ẹ tò nínú oòrùn, ẹ sì ń fi ìka tí wọ́n fi yíǹkì sí hàn mí bí ọmọdé tó gba ẹ̀bùn.

Ó wọlé. Ó wọlé tán, ó di àwátì. Ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú ló ń gbé e kọjá. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ títí tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì fi mọ ìró ẹsẹ̀ yín. Lójoojúmọ́ ni Onọ́rébù wà ní mítìn. Irú mítìn wo ni kì í tán? Lórí ògiri wa, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú funfun báláú. Ìyá Ràṣídà tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì ní kí ẹ ṣàánú òun, pé òkú ọ̀run lẹ gbé kọ́ òun lójú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n halẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ ń bu Onọ́rébù kù. Ẹ ò bá wọn jà. Ohun tí ẹ sọ kò ju, "Ẹ ní kó wá dúró."

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ní ìbéèrè. Irú òṣèlú wo rèé? Èèyàn á wọ sálúbàtà wá bẹ̀ yín, á wọlé, ẹ ò ní lè rí i mọ́ àyàfi tí òkú bá kú tàbí tí ìbò bá tún dé. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló lẹ̀bi. Àwa tí à ń jó tẹ̀ lé wọn ńkọ́? Àwa tí à ń wọ fìlà tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, tí à ń sọ pé ó kúkú fún wa ní ìrẹsì? Ìrẹsì tí èèyàn jẹ lọ́jọ́ kan, tó fi wá ń gbọ́n omi nílé lọ́dọọdún! Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ìbò lo fi gba ọmọ ọ̀dọ̀, ìwọ náà lo tún wá ń kúnlẹ̀ kí i." Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín nígbà náà, ẹ rántí.

Bàbá mi, lọ́jọ́ tí ẹ kú, ọ̀sán gangan ni àyà dédé dùn yín, òjò sì ti rọ̀ láti àárọ̀. A pe mọ́tò, a tún pe mọ́tò. Kò sí awakọ̀ tó gbà láti wọ àdúgbò wa, nítorí omi ti dé itan. Pátákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun, tí ẹ ò tíì kọ nǹkan kan sí, òun la tẹ́ yín lé. Àwọn aládùúgbò gbé yín sí èjìká, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ sí títì Ẹ́ápọ̀ọ̀tù, mo di orí yín mú. Nígbà tí a kọjá níwájú ògiri, ẹ ṣí ojú. Ẹ ní, "Mojí, ṣé ó ti wá?"

Ẹ ò dé títì.

Nígbà tí omi gbẹ, Onọ́rébù dé. Ó dé pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà, ó sunkún sí aṣọ ìnujú funfun. Ó ní òun máa gbé kánópì wá, òun máa gbé àga wá, òun máa tẹ ìwé ìsìnkú, kí a ṣáà fi ẹ̀yìn ìwé náà sílẹ̀ fún àwòrán òun àti ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Inú Bàbá Ìkirè, ẹ̀gbọ́n yín, dùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rìn lọ síwájú ògiri, ó tún agbádá ṣe, kámẹ́rà dojú kọ ọ́. Ìbò tún ti ń bọ̀ lọ́nà, àbí ẹ ò mọ̀? Ó ní, "Ọmọ Bàbá, mo ti dé o, mo ti dúró. Ó yá, ya ojú mi."

Mo wò ó. Mo wo gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, bó ṣe wà nígbà tó ń jẹ àgbàdo náà ló ṣì wà. Mo ní, "Onọ́rébù, ẹ má bínú. Ojú tí mi ò rí ní àdúgbò yìí láti ìgbà ìbò, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà á." Ó wọ ọkọ̀, kánópì rẹ̀ sì bá a lọ.

Bàbá Ìkirè bínú sí mi. Wọ́n ní mo gbé àǹfààní ẹbí dànù, pé níbo la ti fẹ́ rí àga. A bá ara wa fa ẹ̀yìn ìwé yìí títí tí Màámi fi gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí Mojí kọ ọ́." Òun ni ẹ̀yin tí ẹ wá sin Bàbá ń kà yìí. Bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé lónìí, láti yàrá àwọn ayálégbé ni wọ́n ti ń gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ràṣídà ló sì gbé búrẹ́dì kalẹ̀.

Bí a bá ń gbé Bàbá lọ sí itẹ́, a máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Kí kálukú wo ògiri náà dáadáa. Bí wọ́n bá tún gbé ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ rántí ojú funfun yẹn, kí ẹ sì rántí pátákó tí a fi gbé Àjàní la omi kọjá.

Bàbá mi, ẹ bi mí ní ìbéèrè, mi ò dáhùn. Èsì rẹ̀ rèé: kò tíì wá. Òkú yín ló wá wò, kò wá wo gọ́tà. Búrọ́ọ̀ṣì yín wà lọ́wọ́ mi, ojú Onọ́rébù á sì wà ní funfun bẹ́ẹ̀ títí omi á fi rí ọ̀nà lọ. Èmi ni mo ń ṣọ́ ògiri báyìí. Ẹ pa ojú tiyín dé, Àjàní, iṣẹ́ yín pé. Ẹ sùn re o.

Mojísọ́lá, àkọ́bí yín