Waya Dúdú Tó Sọ Gìtá Bàbá Fọlákẹ́ Di Agolo

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí gìtá kan ní Minna, nígbà tí ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun.

Ẹnìkan ló rán mi létí. Ó béèrè lójú ewé yìí lánàá pé òun pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù gìtá òun, ohùn rẹ̀ sì wá tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Àwọn tó dá a lóhùn ní kó lọ ra òmíràn. Rárá o! Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé waya méjì péré lẹ ó yí padà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí díẹ̀ ló kù kí irú àṣìṣe yẹn gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, píkọ́ọ̀pù ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn gìtá oníná. Òòfà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wé waya tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn yíká-yíká. Òun ló ń gbọ́ okùn, tó ń gbé ohùn lọ sínú áńpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá. Bí kò bá sí i, gìtá oníná kò yàtọ̀ sí pákó.

Tíṣà físíìsì ni mí nígbà náà, mo ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Bosso. Minna kún! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé lójoojúmọ́, ilé kò tó wọn, ọ́fíìsì kò tó wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Tudun Wada, àwọn èèyàn sì rò pé aṣọ ni mò ń lọ rán. Aṣọ mélòó ni tíṣà ní? Fọlákẹ́, ọmọ télọ̀, ni mò ń lọ wò.

Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé Minna kó tó di télọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Fọlákẹ́ sí. Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Bí inú bá bí i, Hausa ló ń jáde. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Hausa náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Bólá lẹ mọ̀ ọ́n sí. Oṣù kẹjọ rèé tó ti fi ayé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọge ni ní àkókò tí mò ń wí yìí, Fọlákẹ́ sì ni mò ń pè é.

Mo ti sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní àwọn tíṣà mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju kí wọ́n fọwọ́ ṣiṣẹ́ lọ.

Bàbá ní gìtá oníná kan tó máa ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Píkọ́ọ̀pù méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan nítòsí ọrùn, ọ̀kan nítòsí ìdí. Ti ìdí ti kú láti bí ọdún méjì. Súìṣì kan wà tí èèyàn fi ń yan èyí tó bá fẹ́ nínú méjèèjì, tàbí kó yan àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ojú àárín, ti méjèèjì pa pọ̀, ni Bàbá máa ń gbé e sí. Ó ní òun kò mọ gìtá mìíràn yàtọ̀ sí ìyẹn. Látìgbà tí ọ̀kan ti kú, kò fọwọ́ kan gìtá náà mọ́.

Nígbà tó lọ sí Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ onígìtá fún un ní píkọ́ọ̀pù tuntun, ó sì ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe so ó. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá fẹ́ ta gìtá níbẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò bá a so ó.

Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo ní, "Ẹ gbé e wá, sà. Físíìsì lásán ni."

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ó dáa. Bí ohùn rẹ̀ bá padà, a óò jókòó sọ ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́. Bí o bá bà á jẹ́, má gun kẹ̀kẹ́ rẹ wá síbí mọ́."

Ó wá fi kún un pé ọ̀rẹ́ òun tẹnu mọ́ ọn pé waya dúdú ni kí n so mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ o. Ibi tí gbogbo waya tó ń padà bọ̀ ti pàdé nínú gìtá ni. Waya kejì ni yóò lọ sí súìṣì.

Mo tú píkọ́ọ̀pù tuntun náà. Waya mẹ́rin ló jáde lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti so pupa àti funfun pọ̀, wọ́n fi téèpù wé e. Méjì ló kù: ọ̀kan dúdú bí èédú, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé. Kí ló tún kù? Dúdú rèé, Bàbá ní dúdú! Nínú rédíò pàápàá, dúdú ni ilẹ̀. Mo gbé irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó waya pọ̀, mo jó dúdú mọ́lẹ̀, mo jó àwọ̀ ewé mọ́ súìṣì. Mo gbé gìtá lọ síbi áńpù ilé-ìwé wa, mo gbé súìṣì sí ti tuntun nìkan, mo ta á. Ohùn rẹ̀ ki bí oyin!

N kò dán àwọn méjèèjì wò pa pọ̀. Èmi tí mò ń bá ọmọ ilé-ìwé wí nítorí pé wọn kò parí ìdánwò wọn!

Ní Sátidé, mo gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó di Tudun Wada. Bàbá so ó mọ́ áńpù rẹ̀, ó gbé súìṣì sí àárín bó ṣe máa ń ṣe, ó sì fà á.

Ṣé ẹ ti gbọ́ ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì rí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Kò ní inú, kò ní ìsàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti fún omi ara rẹ̀ dànù.

Bàbá kò pariwo. Ó gbé gìtá lélẹ̀. Ó ní, "Fọlákẹ́, gbọ́ ohun tí físíìsì ṣe fún mi."

Fọlákẹ́ ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, "Kai! Baba, adìyẹ wà nínú ẹ̀ ni?"

Mo bẹ Bàbá kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó ní òun fún mi títí di Ọjọ́bọ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kí ni n kò ṣe? Mo pààrọ̀ okùn. Mo fi síkúrù gbé píkọ́ọ̀pù sókè kó súnmọ́ okùn, ohùn wá le sí i, ṣùgbọ́n agolo ni síbẹ̀. Mo yá waya áńpù mìíràn. Agolo. Ní Ọjọ́rú ni mo tó fi ara balẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo gbé súìṣì sí ọrùn nìkan: ó ki. Ìdí nìkan: ó ki. Àárín: agolo!

Mo rẹ́rìn-ín. Bí píkọ́ọ̀pù méjì bá dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì di yẹpẹrẹ nígbà tí wọ́n pàdé, àìsàn ibẹ̀ kò fara pamọ́ mọ́. Ẹ fojú inú wo èèyàn méjì tó ń ti mọ́tò, ọ̀kan ń tì í láti ẹ̀yìn, ọ̀kan ń tì í láti iwájú. Ṣé yóò lọ? Ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbọ́ bákan náà, òun sì ni wọ́n ń bá ara wọn pa. Ohùn òkè fẹ́lẹ́ ló ń rí ọ̀nà yọ́ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ló forí sódì. Bí mo bá yí waya méjì ti píkọ́ọ̀pù kan padà, àrùn tán.

Ṣùgbọ́n Bàbá ní dúdú ni kó wà nílẹ̀, dúdú ló sì wà nílẹ̀! Bí tuntun bá wà bó ṣe yẹ, a jẹ́ pé ti àtijọ́ ni kí n yí, waya tirẹ̀ sì ti gbó débi pé bí irin gbígbóná bá tún kàn án, ó lè já sọnù. Mo ní kí n tún lọ bi Bàbá kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo gbé gìtá àti irin mi dání, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kí i, ó fi imú dáhùn. Aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Láìgbé ojú sókè, ó ní, "Fọlákẹ́, òwú dúdú."

Fọlákẹ́ na òwú sí i. Òwú tó ní àwọ̀ ewé! Bàbá gbà á, ó fi í sí ẹ̀rọ, ó ń rán lọ.

Mo ní, "Òwú dúdú kọ́ nìyẹn."

Fọlákẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Malam! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù yìí ni? Baki, ti èédú, dúdú. Kore, ti ewé, dúdú. Aró náà, dúdú. Èmi ni mò ń wo aṣọ kí n tó mọ èyí tí Baba ń pè."

Bàbá ní, "Ṣé wọn kò dúdú ni? Ẹ̀yin ọmọ Hausa yìí, ẹ ti sọ àwọ̀ di ẹgbẹ̀rún."

Mo sáré sún mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, waya tí ọ̀rẹ́ yín ní kó wà nílẹ̀, ṣé dúdú bí èédú ni, àbí dúdú bí ewé?"

"Dúdú bí ewé ni. Gíríìnì ló pè é." Bàbá wá dá ẹ̀rọ dúró. "Àbí dúdú méjì ló wà níbẹ̀?"

Fọlákẹ́ fi aṣọ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni mo ti tú gìtá náà, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Èédú tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni mo fi mú irin mi gbóná. Mo yọ méjèèjì, mo jó àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀, mo jó dúdú mọ́ súìṣì. N kò fọwọ́ kan ti àtijọ́ rárá. Mo gbé gìtá fún Bàbá, mo sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, nítòsí kẹ̀kẹ́ mi.

Ó gbé súìṣì sí àárín. Ó fà á.

Ohùn náà kún ṣọ́ọ̀bù bámúbámú. Ọkùnrin Hausa kan tó ń kọjá dúró, ó ní "Madalla!" Bàbá di ojú, ó ta orin kan tán, ó tún ta òmíràn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ta ló ṣì í.

Mo lè sọ pé ẹnu rẹ̀ ni. Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo rí waya méjì, n kò sì padà wá bi yín."

Ó ní, "Lẹ́yìn ìkórè, sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n wá."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le. Bí ẹ bá pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù, ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà ẹ dán méjèèjì wò. Bí ó bá tín-ín-rín ní àárín nìkan, ẹ yí waya méjèèjì ti píkọ́ọ̀pù kan padà, ẹ má yí ti píkọ́ọ̀pù méjèèjì. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ tí ẹnìkan fi ẹnu sọ fún yín. Ẹ ní kó fọwọ́ tọ́ka sí i.

Ǹjẹ́ irú àṣìṣe báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Mo sì tún bẹ̀ yín ní ohun kan. Èmi kọ́ ló máa ń sọ ìtàn yìí nílé wa, Ìyá Bólá ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀: ó ní omi ń bọ́ lójú mi nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi a sì máa ní òógùn ni. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni mo ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, n kò sì jẹ́ kó parí rẹ̀ dáadáa rí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú omijé náà. N kò ní jiyàn.