Bí Ìfé Ò Bá Dáhùn

Orúkọ gbogbo wọn ló wà lẹ́nu mi, àwọn tó bá mi gbé ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn tó kàn dúró wò, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Nínú igbó, a kì í pe orúkọ ara wa. Òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Kí ilé tó gba gbogbo Ìgàndò ni mò ń sọ, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì ń ṣèjọba. Igbó wà lẹ́yìn ilé wa, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yá ilé gbé ti ń sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn ẹ̀ kọ́, ó ní ọta ò mọ ilé onílé. Akátáńpó bàbá wa ló wá gbé sọ̀ kalẹ̀: ọrun tí wọ́n dè mọ́ orí igi gbọọrọ, tí èèyàn á fa ọsán, okùn ẹ̀, kọ́ sẹ́yìn, tí á wá fi ìka tú u sílẹ̀.

Mo ti dàgbà, mo ti láya, kí n tó kọ́ ọ. Mo rò pé títa ni màá kọ́. Rárá o. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọfà mi ò kúrò nínú apó. Ó ní a kì í fi ọfà sórí akátáńpó tá a bá ń rìn. Ó ní kí n rí orí ẹran, kí n rí ìrù ẹ̀, torí koríko tó mì lè jẹ́ obìnrin tó ń ṣẹ́gi. Lẹ́yìn náà ni ìfé. Kí n tó ta á, màá súfèé díẹ̀, bíi ti ẹyẹ, kí ẹran má fura. Ẹ̀gbọ́n mi náà á súfèé padà, màá fi mọ ibi tó wà.

“Ìbọn á pariwo, èyí kì í sọ̀rọ̀. Bí ìfé ò bá dáhùn, yọ ọfà.”

Mo bi í pé tó bá jẹ́ oorun ló gbé e lọ ńkọ́.

“Yọ ọ́, jàre. Àbí o fẹ́ fi mí se ọbẹ̀?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀yà kan jáde síwájú mi. Mo rí orí, mo rí ìrù. Mo súfèé. Kò sí èsì. Mo tún súfèé, ọ̀yà gbọ́, ó sá lọ. Mo yọ ọfà, mo rọra tú ọsán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ ẹ̀ wà lọ́fun mi, mi ò lè pè é.

Ìdí ọ̀pẹ ni mo ti bá a. Ó jókòó, akátáńpó ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, ọfà ò sí lórí ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wò mí, ó ń kó ètè jọ, kò jọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Ó ti ń dá mi lóhùn látàárọ̀.

Mo gbé e, kò ṣé é gbé. Ó tóbi jù mí lọ, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ò sì gbé ara ẹ̀ mọ́. Tí mo bá lọ wá èèyàn, á ku òun nìkan. Mo fà á díẹ̀, mo jókòó tì í. Ìgbà tó yá, mo kígbe orúkọ ẹ̀, mo ń kígbe ẹ̀ ṣá, bí ẹni pé òun kọ́ ló wà níwájú mi.

Àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà létí odò ló gbọ́. Wọ́n fi aṣọ àdúrà gbé e. Ọ̀kan nínú wọn rí apó lẹ́yìn mi, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ta wọ́n ni?” Mo di etí aṣọ náà mú, a jọ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ò padà sẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá súfèé lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì dáhùn láti inú. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, mo súfèé. Mo tún súfèé. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo, kò sí ọfà tí mo lè yọ.